Páálí Wíìgì Tí Mo Gbé Sọ̀kalẹ̀ fún Najman

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife tíì maté yẹn sílẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń bá a. Ogún ọdún tèmi ti pé, òtítọ́ sì ti bá mi, kò jẹ́ kí n sùn, kò jẹ́ kí n jẹun. Mirta tó ń darí ilé yìí ní kí n wá kọ́ ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa bí a ṣe ń gba obìnrin tí ọkọ ń lù sọ́dọ̀: bí a ṣe ń dá a lóhùn lórí fóònù, bí a kì í ti í bi í pé kí ló ṣe tí ọkọ fi lù ú. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yìí. Lónìí, mi ò lè kọ́ yín ní nǹkan kan, àfi bí mo bá kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Bóbe ni ẹ ń pè mí, bí ìgbà tí ọmọ ń pe ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ mi tán, tí orúkọ yẹn bá korò lẹ́nu yín, ẹ tu ú nù. Mi ò ní bínú.

Zlata ni orúkọ mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Wíìgì ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo fi sin ọkọ, nínú yàrá kan lókè ilé ìtajà aṣọ ní Once, àdúgbò àwa Júù. Gbogbo ìyàwó tuntun tí òfin ẹ̀sìn wa kò ní jẹ́ kí irun orí rẹ̀ hàn síta mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni ìyá wọn ń mú wọn bọ̀. Èmi ni mo ń wọn orí wọn, èmi ni mo ń fọ wíìgì wọn bí àjọ̀dún bá ń bọ̀. Orí tí ìyá tó bí wọn kò rí mọ́, èmi ń rí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé Zlata kò mọ̀. Mo mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Guitl nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó jókòó síwájú dígí mi, ó ní, "Màmá Zlata, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má jẹ́ kí tèmi dà bí ti ìyá ọkọ mi. Tiyẹn dà bí ológbò tí òjò pa." Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Najman ni ọkọ tó fẹ́, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá kọrin lọ́jọ́ Sábáàtì, àwọn ìyá àgbà á máa fi aṣọ nu ojú. Bó bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọdé á dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, torí súìtì kì í wọ́n lápò rẹ̀. Èmi gan-an sọ fún Guitl pé orí ló bá a ṣe é.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan tí wíìgì náà fi padà wá. Iwájú rẹ̀ ti ya. Guitl ní ọmọ ló fà á. Ọmọ wo? Iankl kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò lè fa okùn bàtà. Mo rán an, mi ò sọ nǹkan kan. Ó tún padà wá, ó ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há a. Mo tún un rán. Ní ìgbà kẹta, kò wí àwáwí kankan mọ́. Ó jókòó, ó ṣí wíìgì kúrò lórí, mo sì rí ibi tí irun ara rẹ̀ ti hú tẹran-tẹran lókè etí. Ojú ibẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Mo ní, "Guitl, kí ni mo ń wò yìí?" Ó ní, "Màmá, kí ẹ ṣáà bá mi tún un ṣe ni mo wá fún." Ẹ wá gbọ́ ohun tí àgbàlagbà fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ó dáa, màá fi kílíìpù tó nípọn sí i, kò ní tètè já mọ́." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ wọ́ lójú mi kòrókòró, kílíìpù ni mo wá fún un.

Báyìí la ń bá a bọ̀ fún ọdún márùn-ún. Láàárín ìgbà yẹn ló bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Jánele. Nígbà tí àjọ Ọ̀sẹ̀ ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Guitl gun àtẹ̀gùn mi wá pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ ewé kan. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó kó ohun tó wà nínú báàgì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè rí i: ìwé ìrìnnà mẹ́ta, tirẹ̀ àti tàwọn ọmọ, ìwé ìbí wọn, ìwé tí dókítà kan kọ nípa egungun ìhà rẹ̀ tó ṣẹ́, nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Montevideo. Ó ní, "Màmá, ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé àjọ̀dún, nígbà tí Najman bá wà níbi iṣẹ́, màá wá gbà á. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ ní aago mọ́kànlá. Ẹlòmíràn yòówù tó bá wá bèèrè, kódà kó jẹ́ ìyá mi, ẹ sọ pé ẹ ò mọ báàgì kankan." Mo ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi." Ó ní, "Ṣé ẹ búra?" Mo ní àwa kì í búra, pé ọ̀rọ̀ mi ti tó. Mo gbé e sínú páálí wíìgì kan, mo gun orí àpótí, mo sì tì í sáàárín àwọn páálí yòókù lórí pẹpẹ òkè. Guitl fẹnu kò mí lọ́wọ́. Ọwọ́ yìí ni.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn dé láti Jerúsálẹ́mù pé àwọn àgbà rábì ti fòfin de wíìgì tí wọ́n fi irun Íńdíà ṣe, nítorí ojúbọ òrìṣà ni wọ́n ti ń fá irun náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí. A gbọ́ pé àwọn obìnrin ń sun wíìgì wọn lójú pópó ní Níú Yọ́ọ̀kì. Ìbẹ̀rù mú mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé irun àwọn ọmọge Yukiréènì ni mo ń lò. Irọ́ ni. Ó ju ìdajì irun mi lọ tó ti Íńdíà wá, oníṣòwò kan ní São Paulo ló ń fi ránṣẹ́ sí mi. Rábì wa ní kí Najman máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù kó yẹ ọjà wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, páálí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló kọ́kọ́ ṣí. Mo ti ya gbogbo ìwé pélébé tó ń sọ ibi tí irun ti wá kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó ká a sí méjì, ó fi sápò. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, "Màmá Zlata, ẹ má gbọ̀n. Ta ni kò ní ohun tó ń fi pamọ́?" Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ níwájú mi pé ọjà mi mọ́. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú iná.

Ní ọ̀sán tí ilẹ̀ yóò fi ṣú bọ́ sí àjọ̀dún, mo ń ká wàràkàṣì sínú àkàrà pẹlẹbẹ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Najman ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ àjọ̀dún o, Màmá. Òórùn yìí mà dùn." Mo ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní, "Mo ti wá ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ títí nínú ilé, mi ò rí i. Guitl kò ní ọ̀rẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì lè pa àṣírí mọ́. Mo wá rò ó pé, ibo ló tún ń lọ?" Mo ní, "Olùkọ́ Najman, wíìgì nìkan ló ń bá wá síbí." Kò bá mi jiyàn. Ó fa ìwé pélébé yẹn yọ lápò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun, ó sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ká ní ó halẹ̀ ni, ǹ bá rí ìyẹn fi ṣe àwáwí fún yín lónìí.

Páálí mẹ́tàlélógójì ló wà lórí pẹpẹ yẹn. Funfun ni gbogbo wọn, wọn kò yàtọ̀ síra. Àjọ̀dún ti ń wọlé, kò sí àyè fún un láti tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti dákẹ́ ni, yóò lọ. Ṣùgbọ́n èmi Zlata ni mo fa àpótí, èmi ni mo gùn ún, èmi ni mo na ọwọ́ sí páálí tó tọ́ gan-an láìṣì í mú. Najman di ẹsẹ̀ àpótí náà mú kí n má baà ṣubú. Ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, Màmá. Ẹ rọra o." Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi ìwé pélébé yẹn sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì, mo sì jù ú síná kó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ẹ má tíì sọ pé ẹ ti gbọ́ ọ tán. Èyí tó burú jù ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko láti sọ fún Guitl. A jọ wà nínú sínágọ́gù lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó jókòó ní ìlà tó wà níwájú mi, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tẹ orí ba ìwé àdúrà mi. Najman pẹ̀lú kò sọ nǹkan kan fún un. Ó jẹ, ó mu, ó kọrin. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Guitl dé pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì. Iankl ti pé ọdún márùn-ún, Jánele sì jẹ́ mẹ́ta. Ó ti wọ aṣọ mẹ́ta mẹ́ta sí wọn lọ́rùn léra wọn kí òun má baà gbé ẹrù, ọmọ kékeré náà kò lè sọ apá sílẹ̀ mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi gbé e."

Mo ní, "Kí n gbé kí ni?"

"Báàgì mi."

"Báàgì wo?"

Ṣé ẹ mọ̀ pé ṣe ló rẹ́rìn-ín? Ó rò pé ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ni mò ń ṣe. Ó rọra wí pé, "Màmá, èmi ni. Kò sí ẹlòmíràn níbí." Mo wò ó lójú, mo sì sọ pé, "Guitl, o ò fi báàgì kankan pamọ́ sọ́dọ̀ mi rí." Ẹ̀rín yẹn kú díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. Ó fa àpótí fúnra rẹ̀, ó gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn páálí bọ́, ó ń ṣí wọn, ó ń dà wọ́n sílẹ̀, títí irun fi bo ilẹ̀ yàrá mi. Iankl ń ṣà wọ́n jọ, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bà á jẹ́ fún wọn." Nígbà tí páálí tán, Guitl jókòó sáàárín wọn. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Màmá Zlata, ṣé orí mi ló ti dàrú ni?" Ìgbà yẹn gan-an ni Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Ǹ bá sọ pé rárá, ọmọ mi, èmi ni mo dà ọ́. Dípò ìyẹn, mo ní, "Ó rẹ̀ ọ́ ni. Máa lọ sílé." Najman ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó gbé Jánele sápá, ó gbójú sókè, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó ṣe fún un nílé lọ́jọ́ yẹn, etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́ di òní. Síbẹ̀, Guitl kò gbà. Nígbà tó lè dìde, ó lọ bá àwọn rábì, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì dárúkọ mi. Najman mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Ẹ má gba tèmi gbọ́. Ẹ bi Màmá Zlata." Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó. Èyí tó dàgbà jù ní, "Ṣé obìnrin yìí fi báàgì pamọ́ sọ́dọ̀ yín?" Mo ní rárá. "Ṣé lóòótọ́ ni ó wá tú ṣọ́ọ̀bù yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Báwo lẹ ṣe rí i lọ́jọ́ náà?" Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Mo ní, "Ó dà bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi yìí ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ lọ fún ìyá Najman ní Rosario, òun náà ni wọ́n fi mú Guitl lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn kò pé. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí kì í ṣe Júù ló gbà á gbọ́, òun ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Montevideo. Àjèjì gbà á gbọ́, àwa ará ilé pè é ní wèrè. Ọdún méje ló fi bá wọn fa ẹjọ́ kí adájọ́ ìjọba tó dá àwọn ọmọ padà fún un, kí Najman sì tó fún un ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀.

Nígbà tí Mirta ṣí ilé yìí, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ adìyẹ wá, mi ò sì kúrò mọ́. Mo ń ran wíìgì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ọkọ fa irun wọn tu. Ẹ ń rò pé àánú ló ń ṣe mí. Mirta, má wò mí bẹ́ẹ̀. O kò mọ̀. Mo rò pé bí mo bá ṣe é pẹ́ tó, ti Guitl á di ohun ìgbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ètùtù kì í wẹ ohun tí èèyàn ṣe sí ọmọnìkejì rẹ̀, àfi bó bá tọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà, láti ọdún tó kọjá, mo ti lọ sí Montevideo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iṣẹ́ ìwé dídì ni Guitl ń ṣe níbẹ̀. Ó ti ní ewú, kò sì bo irun mọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ní ìgbà kejì, òjò ń rọ̀, ó ní kí n wọlé kí òjò má pa àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Ní ìgbà kẹta, ọkùnrin gíga kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ta ni yín, Mà?" Guitl ní láti inú ilé, "Ẹ sọ fún un." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rò ó fún Iankl láti orí dé ìdí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí màmá mi pè mí lórí fóònù ní Rosario. Mo ní kí wọ́n má pè mí mọ́, pé mi ò fẹ́ ìyá wèrè." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Guitl ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé, "Màmá Zlata, òfin ní kí ẹni tó ṣẹni wá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí wọn kò bá dárí jì í, ọrùn rẹ̀ ti bọ́. Mi ò dárí jì yín. Bí ọrùn yín bá ti bọ́, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ṣì wà nínú ìwé wọn. Ẹkún yín kò wúlò fún mi. Ẹ lọ kó ẹ̀rí yín kúrò."

Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i: irọ́ ni mo pa. Méjì nínú àwọn ọkùnrin yẹn ti kú. Ẹ̀kẹta kà á, ó ní, "Zlata, lẹ́yìn ogún ọdún? Kí lẹ fẹ́ ká fi ṣe?" Ó tì í sábẹ́ ìwé mìíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbọ́ pé Najman ti padà sí Once, pé yóò gbéyàwó lẹ́yìn àjọ Àgọ́. Opó kan ni, kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan. Mo sáré lọ bá ìyá opó náà, oníbàárà mi ni. Ó gbọ́ mi títí, ó sì bu omi fún mi. Ó ní, "Màmá wa, ẹ ò kúkú jẹ̀bi. Ọjọ́ orí ni. Najman ti sọ fún wa pé ìgbàgbé ti ń dà yín láàmú, pé bí ẹ bá wá, ká ṣe sùúrù fún yín." Mo pariwo. Ó kàn ń pa mí lọ́wọ́ ni. Bí mo ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni mo ń dà bí ẹni tó ya wèrè lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí obìnrin bá fi nǹkan pamọ́ sọ́dọ̀ yín, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi pamọ́ yẹn. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní kí wọ́n wá bi yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló rí lára yín tó fi yàn yín. Wọ́n lè mọ ohun tí ẹ fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u síta. Ìtìjú á pa yín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ya ìyá àti ọmọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín fún ọdún mọ́kànlá tí mo fi jókòó láàrin yín láìsọ ẹni tí mo jẹ́. Mi ò ní kí ẹ fi í fún mi lónìí. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́, èmi tí mi ò jẹ́ kí wọ́n gba ẹlòmíràn gbọ́, torí ẹnu mi nìkan kò ká a mọ́. Peshe ni orúkọ opó náà. Ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà ní òpópónà kejì ló ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ló sì máa ń jáde. Aago mẹ́ta ti lù. Ta ni yóò bá mi lọ?